Kí Owó Kátíríìjì Má Baà Ju Owó Ẹ̀rọ Lọ: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan Tó Ń Tẹ̀wé Nílé

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àfikún nílé mi ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé láti ilé ìwé. Ogún ni wọ́n, mo sì máa ń tẹ ìwé ìbéèrè tó jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tó ń lo kátíríìjì méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀. Ẹ̀rọ náà kò wọ́n nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n kátíríìjì dúdú kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó tán, owó kátíríìjì méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra ẹ̀rọ. Ọkọ mi ní kí n tà á, kí n máa lọ tẹ̀wé níta. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun yóò fi òmíràn ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?”

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ sì kú ìnáwó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe ti àìmọ̀ọ́lò. Bí wọ́n ṣe ṣètò òwò náà nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré máa ń gbé e jáde ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé orí íńkì ni wọ́n ti máa rí èrè wọn ní gbogbo ọdún tí oníbàárà bá fi ń lò ó. Ẹni tó bá wo owó orí ẹ̀rọ nìkan kó tó san owó kò tíì mọ iye tí nǹkan tó rà jẹ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé, èló ni ojú ìwé kan máa ná mi?

Ìṣirò náà kò le. Ẹ ó fi iye ojú ìwé tí kátíríìjì lè tẹ̀ pín owó rẹ̀. Iye ojú ìwé yìí wà lára páálí kátíríìjì tàbí lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ẹnu lásán sọ ọ́: òṣùwọ̀n àgbáyé wà fún un, ISO/IEC 24711 fún íńkì àti ISO/IEC 19752 fún tónà dúdú, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí ẹ̀rọ oní-lésà ń lò dípò íńkì. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀, tí íńkì rẹ̀ kò ju bí ìdá 5 nínú 100 ojú bébà lọ, ni wọ́n sábà máa ń fi ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìwé ìbéèrè tó ní àwòrán, tó ní àtẹ, tó sì ní àkọlé ńlá dúdú lókè kò lè mú un tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lo àpẹẹrẹ. Kátíríìjì dúdú HP 123 kékeré, tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, jẹ́ ti nǹkan bí ojú ìwé 120. Ẹ̀yin ń tẹ ojú ìwé 60 lọ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń tán ní ọ̀sẹ̀ méjì gééré. Ká ní ₦15,000 ni wọ́n ń tà á, a jẹ́ pé ojú ìwé kan ń ná yín ní ₦125, láìtíì ka bébà mọ́ ọn. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá yóò gba kátíríìjì mẹ́fà, ìyẹn ₦90,000. Èyí tó tóbi nínú irú rẹ̀ kan náà, 123XL, jẹ́ ti nǹkan bí ojú ìwé 480. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì owó ti kékeré, ojú ìwé kan ti bọ́ sí ₦62 ààbọ̀. Tónà HP 85A ti ẹ̀rọ oní-lésà jẹ́ ti 1,600. Bí ẹ bá rí i rà ní ₦16,000, ₦10 ni ojú ìwé kan. Ìgò íńkì dúdú Epson 103, tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ oní-táńkì, jẹ́ ti nǹkan bí 4,500. Ká ní ₦13,500 ni, ₦3 péré ló bọ́ sí. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn owó yìí ṣe o, nítorí pé ọjà wa kì í dúró sójú kan. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ₦125 àti ₦3 kò ní kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí owó yí padà.

Kí a tó wá sọ̀rọ̀ pé kí ẹ ra òmíràn, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà nílé, nítorí pé púpọ̀ nínú íńkì tí ẹ ń rà kì í dé orí bébà rárá. Nínú ẹ̀rọ tó ń lo íńkì olómi, àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní hẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni íńkì ń gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ihò wọ̀nyí, íńkì á gbẹ, á sì dí wọn. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe máa ń fọ ara rẹ̀: ìró tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tó ń lọ tó ń bọ̀ láìtíì tẹ nǹkan kan, ìwẹ̀ ló ń wẹ̀, íńkì yín ló sì fi ń wẹ̀. Ohun kan bíi fóòmù tó wà nísàlẹ̀ inú ẹ̀rọ á fa íńkì náà mu, kò sì sẹ́ni tó lè rí i lò mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná wa wá mú kí èyí burú sí i. Nígbà tí ẹ bá fi bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ pa á, ó máa ń kọ́kọ́ gbé hẹ́ẹ̀dì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ìdérí rọ́bà kan wà tó máa ń bò ó pa kí afẹ́fẹ́ má baà débẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, tàbí tí ọmọ kan bá fa okùn rẹ̀ yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, hẹ́ẹ̀dì náà á dúró sí àárín, láìbò, títí iná yóò fi dé. Bí iná ò bá dé fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru Ìbàdàn, íńkì ti gbẹ lójú ihò nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá tún tàn án, lẹ́tà á máa já, ìlà funfun á máa là á kọjá, ẹ̀yin náà á wá tẹ bọ́tìnnì ìfọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìfọ̀ wọ̀nyẹn lè jẹ ohun tí ẹ ò bá fi tẹ ìbéèrè ọmọ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ̀wé ní ìdákúrekú, ojú ìwé méjì láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́. Ẹ kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ jọ, kí ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí iná bá dúró, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ fi bọ́tìnnì pa á, kí ẹ dúró kí iná ara rẹ̀ kú kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìlà bá ń já, ìfọ̀ kan tó. Bí kò bá yí padà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí íńkì tútù lè rin èyí tó ti gbẹ, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ní ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ, ẹ tẹ ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀ lọ́sẹ̀ kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì síra. Íńkì kékeré yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kátíríìjì tó gbẹ mọ́ ẹnu.

Ohun kejì wà lójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó tẹ̀wé, ẹ lọ sí ibi tí ẹ ti lè yan bí iṣẹ́ yóò ṣe dára tó, kí ẹ yan Draft. Lẹ́tà kò ní dúdú tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ ka ìbéèrè ìṣirò kò ní mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá yan Grayscale lásán, èrò yín ni pé íńkì dúdú nìkan ló ń lò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn máa ń po àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti fi ṣe àwọ̀ eérú tó dán, kátíríìjì aláwọ̀ yín á sì máa tán láìjẹ́ pé ẹ tẹ òdòdó kan jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Black Ink Only sí, òun gan-an lẹ fẹ́. Bí ti aláwọ̀ bá sì ti tán, tí ẹ̀rọ náà ń yarí pé òun ò ní ṣiṣẹ́, ẹ yọ kátíríìjì aláwọ̀ náà kúrò, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP kékeré oníkátíríìjì méjì ló máa ń gbà láti fi ẹyọ kan tó kù ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa púpọ̀: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ á wà lókè nínú àpótí dúdú, lẹ́tà rẹ̀ á funfun, ìlà méjì tó nípọn á yí gbogbo etí bébà ká, àwòrán ìwé àti gègé á wà ní igun kan. Àpótí dúdú yẹn nìkan lè mu íńkì tó ìbéèrè mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ogún ọmọ lẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ fún. Ẹ yí i sí lẹ́tà dúdú lórí funfun, kí ẹ yọ ìlà tó yí i ká kúrò. Ẹ dín àlàfo etí bébà kù, kí ẹ lo lẹ́tà ìwọ̀n 11 dípò 12 fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Àwọn kéékèèké nílò lẹ́tà ńlá, ẹ má tìtorí owó fi ojú wọn ṣòfò. Púpọ̀ nínú ìwé olójú mẹ́ta ni yóò di olójú méjì lẹ́yìn èyí, ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó bébà yín sì ti dín kù láìra nǹkan kan.

Ẹ lè ti gbọ́ pé irú lẹ́tà tí èèyàn bá lò máa ń dín íńkì kù. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ọdún 2010, Yunifásítì Wisconsin–Green Bay ní Amẹ́ríkà pa Arial tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo Century Gothic fún lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí pé ìlà rẹ̀ tín-ínrín, ó sì ń lo íńkì tó dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Àmọ́ lẹ́tà náà fẹ̀, kì í pẹ́ tí ìwé olójú méjì fi ń di olójú mẹ́ta, owó tí ẹ fi íńkì pa mọ́ á sì bá bébà lọ. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi àkókò ṣòfò lé e lórí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni kì í gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ dáadáa, ẹ ó kàn rí àpótí òfìfo tàbí àmì tó yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ yí irú lẹ́tà padà, ẹ tẹ ojú ìwé kan wò ná kí ẹ tó tẹ ogún.

Ní ti kí a máa tún íńkì rọ sínú kátíríìjì, mo fara mọ́ ọn fún irú ẹ̀rọ yín, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Nínú kátíríìjì bíi 123, ara kátíríìjì gan-an ni hẹ́ẹ̀dì wà. Bí rírọ bá bà á jẹ́, kátíríìjì nìkan ló bàjẹ́, ẹ̀rọ yín ṣì wà. Ooru ni hẹ́ẹ̀dì irú èyí fi ń ta íńkì jáde, íńkì tó ń kọjá náà ló sì ń tù ú lára, nítorí náà ẹni tó bá ń tẹ̀wé lọ títí tí kátíríìjì fi gbẹ táútáú ti ń jó o níná nìyẹn. Bí lẹ́tà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ẹ gbé e lọ rọ. Ẹ dúró ti ẹni tó ń rọ ọ́. Ó yẹ kó fi síríńjì rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí fóòmù inú rẹ̀ ráyè fa íńkì mu, kó dúró bí ó bá ti rí i tó ń rú sókè lẹ́nu ihò. Lẹ́yìn náà, kó gbé ẹnu hẹ́ẹ̀dì náà lé bébà ìnujú tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin díẹ̀: bí ó bá gbé e sókè, ìlà dúdú kan tó gún régé ló yẹ kó hàn lórí bébà náà, tàbí ìlà aláwọ̀ mẹ́ta bó bá jẹ́ ti aláwọ̀. Bí ìlà náà bá já lágbede méjì, ẹ má tíì sanwó. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ṣé íńkì tó wà fún nọ́ńbà kátíríìjì yín ló ń lò, nítorí pé íńkì dúdú àti ti aláwọ̀ inú irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ara wọn ní ìpìlẹ̀, èyí tí kò bá bá a mu á sì dí i. Bí ẹ bá dá a padà, ẹ̀rọ lè sọ pé kátíríìjì ti ṣófo tàbí pé ògbólógbòó ni. Ẹ tẹ OK, yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Chip tó wà lára rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ẹ ti rọ íńkì sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bóyá kí ẹ ra òmíràn. Ẹni tó ń tẹ ojú ìwé 60 lọ́sẹ̀ ti kọjá agbára ẹ̀rọ oníkátíríìjì kékeré, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí àbòsí. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ oní-táńkì, irú èyí tí Epson, Canon àti HP ń ṣe, tí ẹ ó máa da íńkì láti inú ìgò sínú àgbá kékeré tó wà lára rẹ̀. Owó rẹ̀ lọ́jà ju ti oníkátíríìjì lọ dáadáa, nítorí pé kò sí èrè kátíríìjì tí ilé-iṣẹ́ náà ń retí lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ojú ìwé 720 lẹ ń tẹ̀ ní sáà kan. Ìgò dúdú kan tó jẹ́ ti 4,500 lè gbé yín dé nǹkan bí sáà mẹ́fà, ìyẹn ọdún méjì. Iná rẹ̀ kò tó wáàtì 20 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ínfátà tó kéré jù lọ yóò gbé e. Àbùkù rẹ̀ ni pé ara ẹ̀rọ ni hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, bó bá gbẹ, ìnáwó ńlá ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa á tì fún oṣù púpọ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé e ní dídojúdé sínú mọ́tò. Fóòmù tó ń gba íńkì ìfọ̀ náà á kún lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ á dá iṣẹ́ dúró, ẹ ó sì wá oníṣẹ́ tó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ oní-lésà tó ń tẹ dúdú nìkan. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tí a ń pè ní tónà ni ó ń lò, kì í ṣe íńkì olómi, nítorí náà kì í gbẹ. Ẹ lè pa á tì fún gbogbo ìsinmi gígùn, kó sì tẹ̀wé lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sí i. Bó bá ń kìlọ̀ pé tónà ti ń tán, ẹ má yára ra òmíràn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ọ̀tún àti òsì, ó ṣì lè fún yín ní ọ̀pọ̀ ojú ìwé. Ohun tó ṣòro nípa rẹ̀ ni iná. Ó gbọ́dọ̀ mú irin inú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 180 sí 200 Celsius kí tónà tó lè yọ́ mọ́ bébà, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré pàápàá lè gba wáàtì 300 sí 400 nígbà tó bá ń tẹ̀wé, ó sì máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. UPS inú ilé kò lè gbé e, jẹnẹrétọ̀ kékeré á sì máa sunkún lábẹ́ rẹ̀.

Ti tòkunbọ̀ oní-lésà pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó fi í sí iná. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti fóólìtì 110 sí 127, ti wa sì jẹ́ 230. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ó jóná nìyẹn, kò sí bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ ojú ìwé ìròyìn ẹ̀rọ náà jáde, èyí tó máa ń kọ iye ojú ìwé tó ti tẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ayé. Ẹ wo ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: àmì dúdú tó ń tún ara rẹ̀ sọ ní ìwọ̀n kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń sọ pé drum, ìyẹn róòlà tó ń gbé tónà lọ sórí bébà, tàbí irin rẹ̀ tó ń gbóná ti bàjẹ́. Nínú ẹ̀rọ tó ń lo 85A, drum wà lára tónà, ẹ ó máa pààrọ̀ wọn pọ̀. Nínú ti Brother, drum wà lọ́tọ̀, ẹ bèèrè owó rẹ̀ kí ẹ tó rà.

Bí iná bá ń ṣe ségesège ní àdúgbò yín, tí ínfátà yín sì kéré, oní-táńkì ni kí ẹ rà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń tẹ̀wé, ẹ̀rù gbígbẹ kò tó nǹkan fún yín. Bí owó tí ẹ ní lọ́wọ́ kò bá tó o, tí iná ìjọba sì ń dúró fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, tòkunbọ̀ oní-lésà ti Yúróòpù kò ní já yín kulẹ̀.

Ẹ̀bùn àbúrò yín láti Lọ́ńdọ̀nù dára, ṣùgbọ́n ẹ pè é kó tó lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP tí lẹ́tà “e” kékeré gbẹ̀yìn orúkọ wọn máa ń wá pẹ̀lú ètò HP+. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti fi sábẹ́ ètò yìí, dandan ni kó máa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa lo íńkì HP gidi nìkan. Rírọ íńkì ti di èèwọ̀ fún un. Kátíríìjì náà tún yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní 123 lọ́dọ̀ wa, 302 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 63 ni ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó bá sì ti mọ́ ti ilẹ̀ kan lára lè kọ ti ilẹ̀ mìíràn. Ẹ ò ní fẹ́ kí àbúrò yín máa fi kátíríìjì ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó sàn kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ ra oní-táńkì tí ìgò íńkì rẹ̀ wà lọ́jà Ìbàdàn.

Ọkọ yín náà kò ṣì sọ. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé mẹ́ta lóṣù, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ládùúgbò ló dára jù, kó má tilẹ̀ ra ẹ̀rọ rárá. Ìwọ̀n tiyín ni ó wà ní àárín. Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí, kí ẹ tó rówó ra òmíràn, ni kí ẹ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo nílé, kí ó mọ́ dáadáa, kí ẹ wá gbé e lọ ṣe fọ́tòkọ́pì mọ́kàndínlógún. Ní Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ lè ná an, fọ́tòkọ́pì ojú ìwé kan kò sì ní sún mọ́ ₦125. Bí ọjọ́ ìdánwò bá wá dé tí ẹ fẹ́ ẹ̀dà tó tó igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ mìíràn, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ Riso, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ojú ìwé kan náà. Ó máa ń gbẹ́ ojú ìwé náà sórí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló gbówó. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ̀dà ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já wálẹ̀. Fún ogún ẹ̀dà, kò tọ́ sí i.

Bébà ló kù. Ẹ tẹ̀wé sí iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè yí bébà fúnra rẹ̀, ẹ yan ojú ìwé tí kò ṣeé pín sí méjì kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n, kí ẹ dá bébà náà padà, kó wá tẹ àwọn tó kù sí ẹ̀yìn. Ojú ìwé mẹ́ta fún ogún ọmọ yóò lọ láti 60 bébà sí 40 lọ́sẹ̀, 480 ní sáà ọlọ́sẹ̀ méjìlá. Rímù kan jẹ́ 500, yóò sì gbé sáà kan yín já. Ẹ ra oní-gíráàmù 80, nítorí pé ti tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fi lẹ́tà ẹ̀yìn hàn níwájú, ó sì máa ń há sínú ẹ̀rọ. Ẹ má gbé rímù lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ní ìgbà òjò; bébà tó bá ti fa ọ̀rinrin á ká kò, á sì há. Nínú ọyẹ́, bébà máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rọ á fa méjì lẹ́ẹ̀kan: ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó kó o sí i. Ìyókù rímù, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò ti ní tó o.